Iná dé Èkó, omi gba ilé: bí a ṣe ń ṣírò èrè àti gbèsè dáàmù

Ẹni tó bá ń gbé ní Èrìò-Èkìtì, tàbí ní Àrámọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìjerò, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni pé kí ni odò. Ìgèdè-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wọn, ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ kó tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo kọjá lọ sínú ọ̀sà. Ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé lójú gbogbo ayé. Níbi tí òkè bá ti wà, tí omi sì ń sáré bọ̀ láti orí rẹ̀, kò ní ṣàì sí ọjọ́ tí ẹnìkan máa dìde pé ẹ jẹ́ ká sé odò yìí, ká fi ṣe iná mọ̀nàmọ́ná.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá mọ́. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa darí ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ àjọ NERC ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ dáàmù kékeré kan láti máa ta iná láàárín Èkìtì, Adó-Èkìtì ni yóò ti wá ìwé àṣẹ títa iná, kì í ṣe Àbújá. Èyí túmọ̀ sí pé àwa fúnra wa la máa ṣírò rẹ̀, tí ìṣirò náà bá sì wọ́, a ò ní rí ẹni tí a máa dì í rù.

Ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀kọ́ tòní yẹ̀ wò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń béèrè bóyá dáàmù lérè tàbí kò lérè. Ìbéèrè yẹn kò tó. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé ọwọ́ ta ni èrè rẹ̀ ń lọ, ọrùn ta sì ni gbèsè rẹ̀ wà. Dáàmù Káíńjì tó wà lórí Odò Ọya la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni àgbà láàárín àwọn dáàmù ńlá tó ń fún wa níná, ó sì ti lo ohun tó ju 50 ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó máa ṣe ti ṣe.

Bí omi ṣe ń di owó

Nǹkan méjì ló ń sọ omi di iná. Àkọ́kọ́ ni bí omi náà ṣe pọ̀ tó, èkejì ni bí ibi tó ti ń já bọ́ ṣe ga tó. Omi á gba inú páìpù ńlá sọ̀kalẹ̀, á lu ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì, tọ́báìnì á máa yí, òun náà á sì máa yí jẹnẹrétọ̀ tó ń mú iná jáde. Kò sí epo tí wọ́n ń rà sí i, kò sí páìpù gáàsì tí àwọn jàǹdùkú lè bẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé odò ní àsìkò tirẹ̀. Ó máa ń kún nígbà òjò, ó máa ń fà nígbà ẹ̀rùn. Ẹni tó ń lọ ata, aránṣọ àti ẹni tó ń ta omi tútù kò sì lè sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lóṣù kẹjọ. Ibi tí dáàmù ti wúlò nìyẹn: ó ń kó omi òjò pamọ́ de ẹ̀rùn, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká.

Ìnáwó rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe sí ti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé wa. Jẹnẹrétọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n láti rà, epo rẹ̀ ló ń jẹ owó. Ní ti dáàmù, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń gba gbogbo owó. Tó bá ti dúró tán, owó kékeré ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ fún 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ìdí èyí, owó tí wọ́n yá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ọ. Ẹni tó sì fẹ́ yá owó, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń ṣe: gbogbo èrè ló máa kọ sínú ìwé, àwọn ìnáwó tí kò hàn síta ló máa fojú fò.

Káíńjì àti ohun tó ṣe fún wa

Ní 1962 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ dáàmù lórí Odò Ọya. Ní 1964, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní 82 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ Káíńjì, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà. Ilé iṣẹ́ Impregilo láti orílẹ̀-èdè Ítálì ló ṣáájú nínú kíkọ́ ọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1968, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní ọjọ́ 15, oṣù kejì, 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà. Owó tí wọ́n fojú bù pé ó gbà lápapọ̀ jẹ́ 209 mílíọ̀nù dọ́là. Tọ́báìnì 12 ló wà nínú àwòrán rẹ̀, 8 péré ni wọ́n fi sí i, agbára àwọn 8 yìí sì jẹ́ 760 mẹgawáàtì.

Ẹ jẹ́ ká sọ iye yẹn di ohun tó máa yé gbogbo wa. Mẹgawáàtì kan jẹ́ 1,000 kílówáàtì. Kílówáàtì kan tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ni yúníìtì kan tí à ń rà sínú mítà. Tí gbogbo ẹ̀rọ 8 náà bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 láìsinmi, 760,000 lọ́nà 24 ni, ìyẹn yúníìtì 18,240,000 lójúmọ́ kan. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí omi máa ń dín kù, ẹ̀rọ náà sì máa ń bàjẹ́. Àwọn kan wà nínú wọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró láìyí rárá. Síbẹ̀, ká tiẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ la rí, ohun ńlá ni.

Láti Káíńjì ni wọ́n ti na wáyà ńláńlá gba Jẹ́bà, Òṣogbo àti Ìbàdàn dé Èkó, wọ́n sì na òmíràn lọ sí Kàdúná. Ó pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Kàdúná ti ń jẹ nínú omi Odò Ọya láìfojú kàn án. Ní 1972, wọ́n da NDA pọ̀ mọ́ ECN, ó sì di NEPA tí gbogbo wa ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Omi tó bá kúrò ní Káíńjì tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní Jẹ́bà, níbi tí wọ́n kọ́ dáàmù mìíràn sí ní àwọn ọdún 1980, tí agbára rẹ̀ lé ní 570 mẹgawáàtì. Omi kan náà, owó ẹ̀ẹ̀mejì. Láti 2013 ni ilé iṣẹ́ aládàáni Mainstream ti gba ìṣàkóso dáàmù méjèèjì lọ́wọ́ ìjọba. Ilé iṣẹ́ tí kò lérè, ta ni yóò du ú?

Ẹni tó bá ní Káíńjì kò wúlò, kò tíì ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó sì dákẹ́ síbi tí a dé yìí, òun náà kò tíì ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Àwọn tó yá dáàmù lówó láìmọ̀

Adágún tí dáàmù náà dá sílẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 135 kìlómítà, ilẹ̀ tó sì bò lé ní 1,200 kìlómítà níbùú àti lóròó. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe tó, ẹ pín gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkìtì sí ọ̀nà márùn-ún, kí ẹ wá fi omi bo ọ̀kan. Nǹkan bíi 44,000 èèyàn ló kó kúrò níbẹ̀. Ìlú Bùsà àtijọ́ ti wà lábẹ́ omi. Ìtòsí ibẹ̀ ni Mungo Park kú sí ní 1806, ọkùnrin tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé òun ló ṣàwárí Odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń pẹja nínú rẹ̀ kò ríran. Wọ́n kọ́ Bùsà Tuntun fún àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé onísìmẹ́ǹtì fún wọn.

Ilé kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹ wo àwọn Gùngáwá tó ń gbé ní erékùṣù àti etí odò lágbègbè Yáwùrì. Nígbà ẹ̀rùn, tí odò bá fà, wọ́n á gbin àlùbọ́sà sórí ilẹ̀ tútù tó fi sílẹ̀, wọ́n á máa bomi rin ín, wọ́n á sì kó o lọ sọ́jà. Nígbà tí omi ń bọ̀, wọ́n kó wọn lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n rí ilé gbà dípò ilé, wọn kò rí irú ilẹ̀ yẹn gbà dípò ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn fi padà sí etí adágún tuntun láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Àwọn yìí tiẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù ni àwọn tí omi kò bo ilé wọn rárá, ìyẹn àwọn tó wà nísàlẹ̀ dáàmù, láti Jẹ́bà lọ sí Láfíàgì àti Pátégì. Ṣáájú 1968, omi ńlá méjì ló máa ń wá sí Odò Ọya lọ́dọọdún. Èyí tí wọ́n ń pè ní omi funfun máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án láti inú òjò tó rọ̀ nítòsí, pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Omi dúdú máa ń tẹ̀lé e. Orí òkè ilẹ̀ Gíní ni èyí ti ń ṣẹ̀ wá. Á gba inú àbàtà ńlá ní Málì, á já ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, oṣù mélòó kan ni á sì fi rìn kó tó dé Nàìjíríà lẹ́yìn tí òjò ti dá. Odò á kún àkúnya, á bo etí rẹ̀, á fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Inú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ tó bá fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ni ẹja máa ń yé sí.

Dáàmù ni kò jẹ́ kí odò kún bẹ́ẹ̀ mọ́; iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ọ̀gọ̀dọ̀ gbẹ, àkùrọ̀ dín kù, ẹja dín kù nínú àwọ̀n. Àwọn onímọ̀ tó lọ yẹ ibẹ̀ wò lẹ́yìn 1968 kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lé àwọn èèyàn wọ̀nyí kúrò nílé, nítorí náà orúkọ wọn kò sí láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Àfiwé lásán ni o. Ká ní ìyá kan ní àkùrọ̀ kan tó ń mú N200,000 wọlé fún un lọ́dọọdún lẹ́yìn tó bá ti yọ owó iṣẹ́. Nítorí dáàmù, omi kò dé ibẹ̀ mọ́. Bí ìjọba bá ṣàánú rẹ̀, tí wọ́n fún un ní N600,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ariwo á gba ìlú pé wọ́n ti sọ ọ́ di olówó. Owó ọdún 3 nìyẹn. Dáàmù yóò wà fún 50 ọdún, N200,000 lọ́nà 50 sì jẹ́ N10 mílíọ̀nù. Àwọn oníbáńkì á ní owó tó máa dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kò lè níye lórí tó owó òní. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ ká gé e sí ìdajì, N5 mílíọ̀nù ṣì kù. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá tó 5,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan, N25 bílíọ̀nù ni wọ́n ti mú wá sídìí dáàmù náà. Báńkì tó yá dáàmù lówó ní ìwé àdéhùn, ó ní èlé, ó sì mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò pé. Àwọn ìyá wọ̀nyí náà yá a lówó, wọn kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹja tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí adágún Káíńjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ẹja pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń rọ̀ láti ọ̀run. Ní nǹkan bí 1970, wọ́n pa tó 28,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Koríko àti igi tó ń jẹrà lábẹ́ omi ló di oúnjẹ fún ẹja. Nígbà tí oúnjẹ yẹn tán, ẹja náà wálẹ̀: kó tó di 1980, ohun tí wọ́n ń pa lọ́dún kò tó 10,000 tọ́ọ̀nù mọ́. Ẹni tó bá fi ọjà ọdún àkọ́kọ́ yẹn yá owó ra ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa já sí. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún yín pé dáàmù tuntun yóò pèsè ẹja, ẹ bi wọ́n pé ẹja ọdún mélòó ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀yán, tó sún mọ́ wa

Ẹnìkan lè sọ pé ilẹ̀ Núpé àti Bùsà jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ ká wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù Ọ̀yán, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹta 1983. Adágún rẹ̀ fẹ̀ tó 4,000 hẹ́kítà, àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni omi tí wọ́n ń sẹ́ fún àwọn ará Abẹ́òkúta àti Èkó ti ń wá, èrè tó dájú sì nìyẹn. Wọ́n tún gbé tọ́báìnì 3 síbẹ̀ tó lè mú 9 mẹgawáàtì jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹ̀rọ náà fi wà níbẹ̀ láìtan gílóòbù kan.

Àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé wọn nítorí adágún náà tẹ̀dó sí etí rẹ̀, ní irú ibi bí Abúlé Titun. Omi tó dúró sójú kan yàtọ̀ sí omi tó ń ṣàn. Inú rẹ̀ ni ìgbín wẹ́wẹ́ kan máa ń pọ̀ sí, ìgbín yìí ló sì ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọdé lágbègbè náà rí i pé ó ti tàn kálẹ̀ gan-an láàárín wọn. Àtọ̀sí ajá kì í tètè pa èèyàn, nítorí náà kì í di ìròyìn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ, ó ń fà á sẹ́yìn nílé ìwé, ó ń sọ àgbẹ̀ di ọ̀lẹ tipátipá. Owó oògùn rẹ̀ kò sí nínú owó omi tí wọ́n ń gbà l'Ékòó.

Ní oṣù kẹwàá 2010, omi pọ̀ jù fún Ọ̀yán, wọ́n sì ṣí i. Ó ṣàn gba odò Ògùn lọ sí Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú, ó lé àwọn èèyàn kúrò nílé. Àwọn kan bú àwọn tó ṣí omi, àwọn mìíràn bú àwọn tó kọ́lé sójú omi. Ìṣòro náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dáàmù ló ń mú kí odò fara balẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ilẹ̀ etí rẹ̀ gbẹ, kí ó pọ́nni lójú láti tà. Èèyàn á rà á, á kọ́lé síbẹ̀, nítorí kò rí omi níbẹ̀ rí. Lọ́dún tí òjò bá wá ju agbára adágún lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i; bí wọn kò bá ṣí i, dáàmù fúnra rẹ̀ lè ya. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà nìyẹn ní 2023, nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Akosombo àti Kpong lé èèyàn tó ju 20,000 lọ kúrò nílé wọn.

Ìgbà wo ni wọ́n máa ń san án?

Ìjọba kò ṣàì mọ̀ pé gbèsè kan wà nílẹ̀. Ní 2010, wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ láti máa ṣe ìdàgbàsókè fún àwọn agbègbè tí dáàmù iná wà, kí wọ́n sì máa yọ nínú owó tí iná náà bá mú wọlé fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo ọdún rẹ̀. Láti 1969 dé 2010 jẹ́ ọdún 41. Lẹ́yìn tí òfin náà jáde pàápàá, ó tún tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹwu. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí omi bo Bùsà ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà náà.

Bí a bá fẹ́ ṣe tiwa ní Èkìtì, kò pọn dandan kó gba ọ̀nà Káíńjì. Odò tiwa kò tóbi, òkè wa ló ga, mo sì ti sọ pé gíga náà wà lára ohun tó ń sọ omi di iná. Wọ́n lè darí díẹ̀ nínú omi odò gba inú páìpù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kó yí tọ́báìnì kékeré, kó sì padà sínú odò nísàlẹ̀, láìsí adágún ńlá. Iná rẹ̀ kò ní pọ̀, ó lè tó ìlú kan tàbí méjì. Àléébù rẹ̀ ni pé yóò rẹ̀yìn nígbà ẹ̀rùn, níwọ̀n ìgbà tí kò ní àká tó ń tọ́jú omi sí. Bí ẹni tó ni í bá sì jẹ́ olójúkòkòrò, ó lè darí gbogbo omi sínú páìpù, kí odò tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ gbẹ pátápátá.

Ohun tó yẹ ká bá a fà á nìyẹn kí ìjọba tó bu ọwọ́ lu ìwé rẹ̀: omi mélòó ló gbọ́dọ̀ máa ṣàn nínú odò ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n, èló sì ni ilé iṣẹ́ náà yóò san lọ́jọ́ tí omi bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Kí orúkọ àwọn tó ni àkùrọ̀ nísàlẹ̀ odò wà nínú ìwé àdéhùn bí orúkọ báńkì ṣe wà níbẹ̀, kí ìpín wọn máa wá lọ́dọọdún láti inú owó iná, kó má jẹ́ owó ẹ̀ẹ̀kan. Ìsàlẹ̀ yẹn sì lè jìnnà ju bí a ṣe rò lọ. Omi Ọ̀ṣun yìí kan náà, tó ṣẹ̀ ní Ìgèdè, ni wọ́n sé ní Aṣéjirẹ́ fún àwọn ará Ìbàdàn láti mu.